Alága Tó Bu Owó Orí Lé Òkú

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ gbọ́ ìtàn yìí, ẹ kọ́kọ́ wá ibi fẹ̀yìn tì. Ẹ̀rín ti gbé ènìyàn ṣubú rí, pàápàá ẹ̀rín tí a ń fi alágbára rín.

Alága káńsù kan wà ní àárín Ìbàdàn àtijọ́, níbi tí páànù ilé ti pọ́n bí epo, tí ilé sì fara kọ́ra débi pé bí ẹnì kan bá sín ní Àrẹ̀mọ, ará Bẹyẹrunka ni yóò kí i kú àlàáfíà. Àárín-Òkè lorúkọ káńsù rẹ̀. Ẹ má wulẹ̀ yọ fóònù láti wá a. Inú ìtàn yìí ló wà. Orúkọ alága náà rèé, ẹ mí kanlẹ̀ kí ẹ tó kà á: Ọnọrébù Dókítà Àlàájì Misbaudeen Kújẹ́nrìn, Ìmọ́lẹ̀ Àárín-Òkè, Afárá Tí Kì Í Mì, Ọmọ Ológun.

Ti Dókítà yẹn, ẹ má bèèrè pé àìsàn wo ló ń wò. Yunifásítì kan ló fi dá a lọ́lá ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì kan, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, yunifásítì náà ti ká tábìlì rẹ̀, ó ti wọ mọ́tò, ó ti lọ.

Òfin àkọ́kọ́ tí alága ṣe nígbà tó gorí àga ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá òun sọ̀rọ̀ láìpe orúkọ òun tán. Ẹni tó ń rí sí òfin yìí ni Ògoolúwa, olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ pàtàkì, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa rìn lẹ́yìn alága kí ẹnu sì máa yà á sí ohun gbogbo tí alága bá ṣe. Bí alága bá sín, Ògoolúwa á ní, "Ìlú ti gbọ́!" Bí alága bá yán, á ní, "Ẹ wò ó, ọgbọ́n ti rẹ̀ wọ́n!"

Lọ́jọ́ kan, jẹnẹrétọ̀ gbiná lẹ́yìn ọ́fíìsì. Akọ̀wé kan sáré wọlé, ó ń mí hẹlẹ.

"Ọnọrébù Dókítà Àlàájì Misbaudeen Kújẹ́nrìn, Ìmọ́lẹ̀ Àárín-Òkè, Ọmọ Ológun, sà…"

Alága gbé ìka kan sókè. "O fo ìkan."

"Èwo ni mo fò, sà?"

"Rò ó."

Akọ̀wé rò ó. Èéfín ti ń gba ojú fèrèsé wọlé. "Afárá Tí Kì Í Mì, sà!"

"Ó dáa. Tún un bẹ̀rẹ̀ láti òkè."

Nígbà tí ọ̀rọ̀ fi máa dé orí jẹnẹrétọ̀, jẹnẹrétọ̀ ti di eérú. Oṣù mẹ́ta gbáko ni Ìmọ́lẹ̀ Àárín-Òkè fi àbẹ́là ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe àga káńsù ló wà lọ́kàn ọkùnrin yìí. Àga káńsù kì í pẹ́ tán. Ohun tó ń fẹ́, tí oúnjẹ kò fi dùn lẹ́nu rẹ̀, ni oyè Mọ́gàjí Agboolé Kújẹ́nrìn ní Àrẹ̀mọ. Ẹni tó bá mọ Ìbàdàn mọ̀ pé àkàbà loyè ibẹ̀. Ipò Mọ́gàjí, ìyẹn olórí agboolé, ni ìdí àkàbà náà. Ẹni tí kò bá ti ibẹ̀ gbẹ́sẹ̀, bó lówó bí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ìsàlẹ̀ ni yóò dúró sí tí yóò máa wo àtẹ́lẹsẹ̀ àwọn tó ń gùn ún. Gbogbo ìgbà tí alága bá dijú, orí àkàbà yìí ló ń rí ara rẹ̀, adé sì ń bẹ lókè tó ń rẹ́rìn-ín sí i.

Mọ́gàjí tó wà níbẹ̀ ti papò dà. Agboolé sì ti mú ọjọ́ Jímọ̀ kan tí wọn yóò yan ẹlòmíì, kí wọ́n tó fi orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sáàfin. Ọmọ ilé ni wọ́n ń fi jẹ ẹ́. Báwo la sì ṣe ń mọ ọmọ ilé ní ìgboro àtijọ́ yìí? A kì í wò ó nínú ìwé, ojúde la ti ń wò ó. Ibẹ̀ la sin àwọn bàbá sí, lábẹ́ fèrèsé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn, nínú pálọ̀ pàápàá nígbà mìíràn. Ọmọ ilé ni ẹni tó lè na ìka sí ilẹ̀ kó ní, "Bàbá mi rèé," kí ẹnikẹ́ni má sì jiyàn.

Àwọn méjì ló lè na ìka bẹ́ẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ oyè yìí. Alága nìkíní. Ìkejì ni Sàlámì, ìbátan rẹ̀, jórinjórin tó ń ṣe géètì ní Bẹẹrẹ. Sàlámì kò polongo. Bí wọ́n bá bi í léèrè ọ̀rọ̀ oyè, á ní kí wọ́n jọ̀wọ́, géètì kan wà lórí iná. Ẹni tí gbogbo agboolé ń wo ẹnu rẹ̀ ni Ìyá Àṣàkẹ́, àgbà gbogbo ọmọbìnrin ilé, tó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, tó sì mọ ẹni tó bí ẹni tó bí ẹni, dé orí Kújẹ́nrìn bàbá ńlá wọn tó sùn sí ojúde.

Ìyá náà kò fẹ́ràn irọ́. Ìyẹn ló jẹ́ kí òun àti alága ní ìjà díẹ̀.

"Misibáù," ni ìyá sọ fún un lọ́jọ́ kan tó wá kí i, "mo gbọ́ pé o ń sọ kiri pé ológun ni bàbá wa."

"Ológun ni wọ́n, Ìyá àgbà. Ẹẹ́dẹ́gbẹ̀rin ọmọ ogun ló ń tẹ̀ lé wọn."

"Kò sí ẹyọ ọ̀kan. Gàárì ẹṣin ni bàbá wa ń rán. Inú ilé ló jókòó sí títí tó fi kú, abẹ́rẹ́ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀."

"Ìyá àgbà, ẹni tó bá rán gàárì fún ológun, ológun lòun náà."

"Ṣé ẹni tó rán ṣòkòtò ọkọ ìyàwó ló gbéyàwó ni?"

Ògoolúwa tó dúró lẹ́yìn fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rántí ẹni tó ń sanwó fún òun, ó fi ikọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

Alága kò gbà. Bí ó bá di Mọ́gàjí, kì í ṣe ọmọ rán-gàárì ni yóò gun àkàbà. Ó pinnu pé káńsù yóò mọ ère Kújẹ́nrìn sí oríta Bẹẹrẹ, lórí ẹṣin, pẹ̀lú idà lọ́wọ́. Ó ti ní kí wọ́n gbẹ́ àkọlé rẹ̀ sára òkúta: pé Kújẹ́nrìn, Ológun Àwọn Ológun, wọ káà ilẹ̀ lọ ní ọdún márùndínláàádọ́jọ sẹ́yìn. Ó wá ránṣẹ́ pe akápò káńsù, Mísìsì Bertha Oyèdélé. Ará Òkè Padre ni obìnrin yìí, ọmọ tíṣà míṣọ̀n, tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Èló ló wà nílẹ̀ fún ère?"

"Kò sí, sà."

"Kò sí tó báwo?"

"Kò sí tó kò sí, sà."

Alága bínú, ó lọ dúró lójú fèrèsé. Ó wo ojúde àwọn ilé tó wà ní òdìkejì. Ó rí ibojì kan tí wọ́n fi táìsì bò, wọ́n sá èlùbọ́ lé e lórí. Ó rí òmíràn, àwọn àgbàlagbà méjì jókòó sórí rẹ̀, wọ́n ń ta ayò. Ojú rẹ̀ là, bí ojú ológbò tó rí ẹja.

"Ta ló ni àwọn wọ̀nyẹn?"

"Òkú ni wọ́n, sà," ni akápò wí.

"Láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń lo ilẹ̀ yẹn?"

"Ó pẹ́, sà."

"Wọ́n san kọ́bọ̀ rí?"

Akápò wò ó, ó yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un wọ̀. Alága ṣì dúró síbẹ̀. "Sà, òkú kò ní àpò."

"Ó ní ọmọ!" ni alága wí.

Ọjọ́ kejì ni wọ́n gbé òfin náà wá síwájú àwọn káńsílọ̀. Alága dìde. "Ẹ̀yin ọlọ́lá," ló wí, "àwọn òkú Àárín-Òkè ti ń sùn lọ́fẹ̀ẹ́ jù! Òjò ìjọba ń rọ̀ sí wọn. Afẹ́fẹ́ ìjọba ń fẹ́ sí wọn. Ọlọ́pàá ìjọba ń ṣọ́ wọn. Kí ni wọ́n ń ṣe fún ìjọba?"

Káńsílọ̀ kan, tó jẹ́ pé oorun ló sábà máa ń sùn, ṣèèṣì jí lọ́jọ́ náà. Ó ní ṣé ó tọ́ kí ẹni tó ti kú máa san owó orí.

Ògoolúwa dá a lóhùn láti ẹ̀yìn. "Wọ́n sáà ń dìbò, sà. Gbogbo wa la mọ̀. Ẹni tó bá ń dìbò gbọ́dọ̀ san owó orí."

Ọ̀rọ̀ náà ká gbogbo wọn lára, nítorí kò sí ẹni tó wọlé nínú wọn tí òkú kò ràn lọ́wọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́, òfin wọlé.

Alága fúnra rẹ̀ ló kọ ìpín òkú. Òkú ńlá ni ológun àti ìjòyè: ọ̀kẹ́ márùn-ún náírà, ìyẹn ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún, lọ́dọọdún, láti ọdún tó kú títí di òní. Òkú àárín ni oníṣòwò, tíṣà àti àáfà. Òkú kékeré ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́: igba náírà péré, ẹ̀ẹ̀kan náà ó parí. Ẹni tó bá fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù pé bàbá òun ni, òun ni yóò san án láti àpò ara rẹ̀.

"Ṣé kí n kọ ọ́ síbẹ̀ pé òfin kò mú alága, sà?" ni akápò bèèrè.

Alága fi ọwọ́ lu àyà. "Kí ni wọ́n ń pè mí? Afárá Tí Kì Í Mì! Kọ ọ́ gàdàgbà pé òfin mú mi." Ògoolúwa sunkún. Ẹkún ojúlówó ni. Ó ti ń fi ṣe ìdánrawò láti àárọ̀.

Káńsù kó fọ́ọ̀mù rán sí gbogbo agboolé. Àwọn òṣìṣẹ́ dé Bẹyẹrunka, wọ́n bá ibojì kan ní ojúde, funfun báláú.

"Ta ló wà níbí?" ni òṣìṣẹ́ bi baálé.

"Níbo? Pèpéle ni."

"Orúkọ ènìyàn wà lára ẹ̀."

"Ẹni tó mọ pèpéle fún wa nìyẹn. Ẹni ire ni."

"Wọ́n kọ 'Sùn re o' síbẹ̀, bàbá."

"Orí ẹ̀ la máa ń sùn bí oòrùn bá mú. Ó sì ń sunwọ̀n."

Ní Ọjà'ba, ìyá kan ní òótọ́ ni pé bàbá àgbà òun kò sí nílé, ṣùgbọ́n kò kú. Ó lọ sí ìdálẹ̀ ni. Ìgbà wo ló lọ? Ọdún tí wọ́n kọ́ gbọ̀ngàn Màpó. "A ṣì ń retí ẹ̀," ni ìyá wí, ó sì ní kí òṣìṣẹ́ rọra sọ̀rọ̀, kó má fi ẹnu pa á. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo agboolé ṣe. Fọ́ọ̀mù ń padà dé bí ó ṣe lọ, òkú kò sí nínú rẹ̀.

Ní ọjọ́ Wẹsidé tó ṣíwájú ọjọ́ Jímọ̀ oyè, ìpàdé ìtagbangba pé ní Màpó. Lọ́dọọdún, a gbọ́dọ̀ ka ètò ìṣúná àti owó orí sétí ará ìlú kí káńsù tó ná an. Gbọ̀ngàn kún dé ẹnu. Alága wọ agbádá lẹ́ẹ̀sì tí wọ́n rà ní Gbági, tó gbòòrò débi pé ọkùnrin méjì ló gbé etí rẹ̀ gun àtẹ̀gùn Màpó, tí ẹnì kẹta sì ń ṣọ́ afẹ́fẹ́ fún wọn.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" Alága gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ẹ ṣá mọ ìdí tí Ọlọ́run fi dá òkè Màpó? Kí n lè rí ibi gíga dúró sí bá yín sọ̀rọ̀ ni!"

"Ìlú ti gbọ́!" ni Ògoolúwa ké, ó gbàgbé pé alága kò tíì sín.

Akápò dìde láti ka ètò ìṣúná. Ère Kújẹ́nrìn: owó ńlá. Ẹṣin rẹ̀: owó ńlá mìíràn. Ìrù ẹṣin, lọ́tọ̀: mílíọ̀nù mẹ́ta.

Obìnrin kan nawọ́. Títílayọ̀ lorúkọ rẹ̀, aránṣọ ni ní Bẹyẹrunka. "Ẹ jọ̀ọ́ mà. Omi gọ́tà ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi látọdún mélòó kan. Orí máṣínì ni mo ń ká ẹsẹ̀ sí. Èló ló wà fún gọ́tà?"

Akápò ṣí ìwé. "Òdo, mà."

"Ìrù ẹṣin wá jẹ́ èló?"

"Mílíọ̀nù mẹ́ta."

"Ó dáa. Tí ìrù bá dé, kí wọ́n jọ̀ọ́ yá mi kí n fi gbá gọ́tà."

Ẹ̀rín bẹ́. Alága lu tábìlì. Ó ní àwọn aláìmoore kò ní í da ìlú rú mọ́ òun lọ́wọ́, owó wà, àwọn òkú yóò san án. Ó ní kí akápò ka fọ́ọ̀mù agboolé kọ̀ọ̀kan sókè kí ayé gbọ́.

"Àrẹ̀mọ," ni akápò kà. "Agboolé mọ́kànlélógójì. Òkú: òdo. Bẹyẹrunka. Òkú: òdo, pèpéle ogójì. Ọjà'ba. Òkú: òdo, mẹ́rin wà ní ìrìn àjò."

Alága gbọ́ ọ, ọrùn rẹ̀ ń wú. "Kí ló dé? Ṣé ẹnikẹ́ni ò kú rí n'Ìbàdàn yìí ni?"

"Àmín o!" ni gbogbo gbọ̀ngàn dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà.

"Mi ò ṣàdúrà!"

"Àmín, láṣẹ Èdùmàrè!"

"Ó tó!" Òógùn ti ń já bọ́ sórí lẹ́ẹ̀sì. "Akápò, ka ti ilé tèmi! Ka Agboolé Kújẹ́nrìn, kí wọ́n fi kọ́gbọ́n!"

Akápò wo ìwé, ó wo alága. "Agboolé Kújẹ́nrìn. Òkú: òdo, sà. Ìka Ìyá Àṣàkẹ́ ló wà níbẹ̀."

Alága fi ẹsẹ̀ janlẹ̀. Wọ́n sẹ́ ológun rẹ̀? Lójú ìta? "Irọ́!" ló kígbe. "Kújẹ́nrìn wà ní ojúde wa! Ìgbésẹ̀ mẹ́fà sí ẹnu ọ̀nà!"

Ìyá Àṣàkẹ́ dìde ní ìlà iwájú, ó fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀. "Misibáù, ìwọ lo ni ín?"

"Èmi ni mo ni ín!"

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú ju ọ̀la lọ!"

"Ẹ fún un ní fọ́ọ̀mù, mà," ni ìyá wí fún akápò, ó sì jókòó.

Akápò gbé fọ́ọ̀mù jáde. Ó béèrè irú òkú tó jẹ́. "Òkú ńlá!" ni alága bú ramúramù. Akápò ní òkúta ère sọ pé ọdún márùndínláàádọ́jọ ló ti kú. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni? Alága ní bẹ́ẹ̀ ni. Akápò kọ ọ́ sílẹ̀, ó ṣírò, ó fà á lábẹ́.

"Mílíọ̀nù mẹ́rìnlá ààbọ̀, sà. Láti àpò ara ẹni."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀ wo ojú alága. Kì í ṣe pé kò ní in. Ó ní in, ìyẹn gan-an ni wàhálà. Gbogbo ìlú ló mọ iye tí alága káńsù ń gbà lóṣù.

"Ẹ san án, sà!" ni ẹnì kan ké láti òkè. "Ká lè mọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i!"

Ògoolúwa sún mọ́ ọn, ó sọ̀rọ̀ sí i létí. "Ọ̀gá, ẹ ní rán-gàárì ni. Igba náírà péré ni."

"Ṣé orí gàárì lásán ni kí n gbé ère lé?" ni alága dá a lóhùn láàárín eyín. Ó ro ibí, ó ro ọ̀hún. Lójijì ni ọgbọ́n kan sọ sí i lórí, ẹ sì mọ irú ọgbọ́n tó máa ń sọ sí irú wọn. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó na ara rẹ̀ gbọọrọ.

"Ẹ̀yin ará ìlú, mo fẹ́ dán yín wò ni. Ológun gidi kì í kú sílé! Ojú ogun ni Kújẹ́nrìn mi kú sí, òkú rẹ̀ kò padà wálé. Nítorí náà, mi ò ní ẹnikẹ́ni ní ojúde Àrẹ̀mọ. Mi ò jẹ ìjọba ní gbèsè."

"Ọgbọ́n rèé o!" ni Ògoolúwa ké, ó ń pàtẹ́wọ́.

Ìyá Àṣàkẹ́ tún dìde, ó rọra dìde ni. "Misibáù. Ẹni tó sùn sí ojúde wa kì í ṣe bàbá ẹ?"

"Kì í ṣe bàbá mi."

"Ìwọ kì í ṣe ọmọ ẹ̀?"

"Èmi kì í ṣe ọmọ ẹ̀! Kí lẹ tún fẹ́ gbọ́?"

"Fọwọ́ sí i."

Alága fọwọ́ sí i. Ó kọ orúkọ rẹ̀ tán láìfo ìkankan, Ọnọrébù, Dókítà, Àlàájì, afárá àti ìmọ́lẹ̀, ó sì gbà á ní àkókò díẹ̀. Akápò lu òǹtẹ̀ ìjọba lé e, gbà!

Nígbà náà ni ọkùnrin kan bẹ̀rẹ̀ sí í la èrò kọjá bọ̀ láti ẹ̀yìn. Sàlámì ni. Ibi iṣẹ́ ló ti wá. Awò jórinjórin ṣì wà ní iwájú orí rẹ̀, iná sì ti jó apá ẹ̀wù rẹ̀ níbi mẹ́ta.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà," ló wí fún akápò. "Mo fẹ́ san owó orí."

Gbọ̀ngàn mì. Ẹnì kan fẹ́ san owó orí! Àwọn tó wà lẹ́yìn gun orí àga láti wò ó.

"Lórí ta ni?"

"Kújẹ́nrìn ti Àrẹ̀mọ. Gàárì ni wọ́n ń rán, wọn ò ja ogun kankan. Òkú kékeré ni wọ́n. Bàbá mi ni."

Ó mú igba náírà jáde, owó náà dúdú fún èédú. Akápò gbà á, ó kọ rìsíìtì, ó sì kà á sókè nítorí pé iṣẹ́ rẹ̀ ni: "Rìsíìtì kìíní. Sàlámì, ọmọ Kújẹ́nrìn." Ó lu òǹtẹ̀ lé ìyẹn náà.

Ìyá Àṣàkẹ́ gba rìsíìtì náà, ó gbé e sókè. "Ẹ̀yin ẹlẹ́rìí mi, ẹ kú ìjókòó. Àwọn méjì ló ń du Mọ́gàjí ilé wa lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìjọba ti bá wa yanjú ẹ̀. Ọ̀kan ní bàbá òun ni, ó sì sanwó. Ìkejì fọwọ́ ara ẹ̀ kọ ọ́ pé òun kì í ṣe ọmọ. Igba náírà ò wọ́n wa láti ìbẹ̀rẹ̀ o. A fẹ́ mọ ọmọ tó máa sẹ́ bàbá ẹ̀ ni."

Ìgbà yẹn ni alága ṣẹ̀ṣẹ̀ rántí ọjọ́ Jímọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ìgbà yẹn gan-an ni. Ó fò dìde láti já fọ́ọ̀mù gbà. Àwọn tó di etí agbádá mú kò mọ̀ pé ó fẹ́ rìn, wọn kò jù ú sílẹ̀. Agbádá dúró sẹ́yìn, alága lọ síwájú, ó sì fi àyà wọ́lẹ̀ níwájú tábìlì akápò.

"Ẹ fún mi níwèé yẹn!" ló wí láti ilẹ̀.

Akápò fi ìwé náà sínú fáìlì. "Ìwé ìjọba ni, sà."

Ariwo tó ti Màpó jáde lọ́jọ́ náà, wọ́n ní àwọn tó ń ná Ọjà'ba rò pé ọdún ti dé. Ìyá tó ní bàbá àgbà òun lọ sí ìdálẹ̀ jó títí gèlè fi bọ́. Títílayọ̀ ńkọ́? Ó kàn jókòó, ó ń fi ìbòrí nu omi ẹ̀rín lójú.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn káńsílọ̀ tó pàtẹ́wọ́ fún òfin owó orí òkú jókòó, wọ́n sì fagi lé e, àtẹ́wọ́ kan náà. Wọ́n wá rí i nínú ìwé pé alága ti yá owó ìrù ẹṣin ní báńkì lórúkọ káńsù, owó náà sì ti jáde ṣáájú kí ẹnikẹ́ni tó ka ètò ìṣúná. Ìrù ti jẹun tán kí ẹṣin tó dé. Ẹnu ya gbogbo wọn, pàápàá àwọn tó bá ìrù jẹ nínú rẹ̀. Wọ́n yọ alága nípò kí ó tó di ọ̀sán. Ògoolúwa kò tilẹ̀ dúró gbọ́ ìparí. Ó ti wà ní Bẹẹrẹ, ó ń ya ẹnu sí Sàlámì. "Ẹ wo bí iná ṣe ń tẹríba fún wọn!"

"Ọ̀gbẹ́ni," ni Sàlámì wí, kò gbójú sókè, "kúrò níbẹ̀, wàá jóná."

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. Wọ́n kírun tán, agboolé fẹnu kò, orúkọ Sàlámì sì gba ọ̀nà ààfin lọ. Ìgbà tí oòrùn ń wọ̀ ni Misbaudeen dé Àrẹ̀mọ, ó fẹsẹ̀ rìn, nítorí káńsù ti gba mọ́tò rẹ̀. Kò wọ agbádá. Kò sí ẹni tó tẹ̀ lé e. Ó rò ó lọ́nà pé ìyá àgbà ni, yóò bú òun, yóò fi ọ̀pá gbá òun lẹ́sẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí òun wà ní kékeré, yóò sì parí síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ilé kì í ju ìyẹn lọ.

Ìyá Àṣàkẹ́ jókòó lẹ́nu ọ̀nà. Misbaudeen dúró ní ìgbésẹ̀ mẹ́fà sí i, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Ìyá àgbà, ẹ dárí jì mí."

"Hà, ẹ dìde, ẹ dìde, sà," ni ìyá wí. Ohùn rẹ̀ tutù, ó dùn. "Ẹ kú ìrìn o. Ẹ káàbọ̀."

Misbaudeen gbójú sókè. Ó dìde. Ó wo ojú ìyá bóyá yóò rí ìbínú níbẹ̀. Kò rí i. "Ìyá àgbà, èmi ni. Misibáù ni."

"Ẹ ṣeun, sà. Waliyat!" Ìyàwó ilé kan yọjú láti inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. "Bá wa bu omi fún àlejò yìí. Ó dà bíi pé ọ̀nà wọn jìn."

Wọ́n gbé omi wá, nínú ife dígí tí wọ́n fi ń gba àlejò. Waliyat kúnlẹ̀ gbé e fún un, gẹ́gẹ́ bí ó ti tọ́ láti gbé omi fún ẹni tí a kò mọ̀. Misbaudeen gbà á. Ó mu ún tán, ó dá ife padà.

Ìyá Àṣàkẹ́ wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ẹ má bínú, sà," ló wí. "Ẹ bá wa sún díẹ̀. Orí bàbá wa lẹ dúró sí."